Ta Ni Yóò Kọ́kọ́ Tú Àgọ́? Ọbásanjọ́, Sankoh àti Àdéhùn Lomé

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba tí a ṣe ní ìlú Lomé fún àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní Togo

 Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ọgbọ́n tí ààrẹ orílẹ̀-èdè kan ń dá sí ogun tó ń jà nílẹ̀ onílẹ̀, àti bí a ṣe ń wá ìdáwọ́-ìjà-dúró. Mo lè gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Ukraine tàbí Gásà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí ní Lomé tó fo ọdún 1999 dá, kò bọ̀wọ̀ fún onílé.

Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kò ní gbà wá lákòókò. Ìdáwọ́-ìjà-dúró ni pé kí ìbọn dákẹ́. Àdéhùn àlàáfíà ni èyí tó ń sọ ẹni tí yóò ṣèjọba, ẹni tí yóò jẹ́jọ́ àti ẹni tí yóò kó ohun ìjà sílẹ̀. Ẹ ti mọ ìyókù.

Ohun tó ṣẹlẹ̀

Ní oṣù Kẹta ọdún 1991, ẹgbẹ́ ọlọ̀tẹ̀ RUF gba ilẹ̀ Liberia wọ Kailahun ní ìlà-oòrùn Sierra Leone. Foday Sankoh, sójà tẹ́lẹ̀ rí tó ti ń ya fọ́tò jẹun, ni olórí wọn. Charles Taylor, olórí ogun ní Liberia, wà lẹ́yìn rẹ̀, dáyámọ́ńdì sì wà níwájú rẹ̀. Ìwà ìkà tí wọ́n hù, ọwọ́ aráàlú tí wọ́n gé, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n tún un sọ lójú àwọn ọmọdé tó wà níbí.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1997, àwọn ológun lábẹ́ Johnny Paul Koroma gbàjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Ahmad Tejan Kabbah, wọ́n sì pe RUF wá jẹun nínú àwo kan náà. Kabbah sá lọ sí Conakry. Ta ló dá a padà ní oṣù Kẹta ọdún 1998? Sani Abacha ni, nípasẹ̀ ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun ECOWAS tí ọmọ Nàìjíríà pọ̀ jù nínú rẹ̀. Abacha ń dá ìjọba alágbádá padà sí Freetown, nígbà tí Abíọ́lá tí a dìbò fún wà ní àtìmọ́lé rẹ̀ ní Abuja. Mo sọ èyí nínú kíláàsì nígbà náà, ẹnì kan sì rọra fà mí lẹ́wù.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kìíní ọdún 1999, àwọn ọlọ̀tẹ̀ wọ Freetown. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló kú kí ECOMOG tó lé wọn padà. Rédíò BBC la so mọ́ etí lóṣù yẹn. Ìyá kan wà ní àdúgbò wa tí ọmọ rẹ̀ wà lójú ogun níbẹ̀. Bí ọkọ̀ ológun èyíkéyìí bá dúró létí títì, ṣe ni ìyá náà máa ń jókòó sórí ilẹ̀, kò ní dìde títí ọkọ̀ náà yóò fi lọ. Ẹ rántí ìyá yẹn nígbà tí mo bá ń bá Ààrẹ Ọbásanjọ́ wí, kí ẹ má rò pé n kò mọ ohun tó ń lé e.

Ilé ẹjọ́ ní Freetown ti dájọ́ ikú fún Sankoh ní ọdún 1998. Síbẹ̀, nínú oṣù Kẹrin ọdún 1999, wọ́n gbé e wá sí Lomé níbí kó lè bá àwọn èèyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀. Eyadéma, ààrẹ Togo, ni alága ECOWAS nígbà náà. Ní ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún, Kabbah àti Sankoh tọwọ́ bọ ìwé ìdáwọ́-ìjà-dúró, ojú Jesse Jackson, aṣojú ààrẹ Amẹ́ríkà, ló sì ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ 24. Lọ́jọ́ 29, wọ́n búra fún Ọbásanjọ́ gẹ́gẹ́ bí ààrẹ Nàìjíríà ní Abuja. Ẹ fi ọjọ́ wọ̀nyí sọ́kàn.

Joseph Kokou Koffigoh, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Togo, ló jókòó sáàárín. Solomon Berewa ṣáájú ikọ̀ ìjọba, Solomon Rogers ṣáájú ikọ̀ RUF. Ní ọjọ́ 7 oṣù Keje, wọ́n parí rẹ̀. Sankoh gba àforíjì pátápátá, ó gba ipò tó bá ti igbákejì ààrẹ dọ́gba, wọ́n sì fi í ṣe alága ìgbìmọ̀ tí yóò máa bójú tó dáyámọ́ńdì. Bẹ́ẹ̀ ni mo wí: dáyámọ́ńdì. RUF gba ipò mínísítà mẹ́rin àti igbákejì mínísítà mẹ́rin lé e.

Àríyànjiyàn tí kò tán

Láti ìgbà náà ni a ti ń jà lórí ìwé yìí. Àwọn kan sọ pé Amẹ́ríkà ló fi tipátipá mú Kabbah tọwọ́ bọ̀ ọ́. Jackson ti Kabbah lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá múlẹ̀ kì í tètè ṣubú bí a bá tì í.

Ẹgbẹ́ kejì ni tèmi tàwọn. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ni, a jọ ń jẹun, ọdún pípẹ́ la sì ti ń bá a bọ̀. Wọ́n ní àforíjì ló ba Lomé jẹ́, pé ẹni tó bá dárí ji apànìyàn ti sọ fún un pé kó tún pa. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ó sì yẹ ẹni tó ń sọ ọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo àkọsílẹ̀. Àforíjì tẹ̀lé àdéhùn tí Frelimo àti Renamo ṣe nílẹ̀ Mozambique lọ́dún 1992, ogun wọn sì parí. Àforíjì wà nínú àdéhùn Abidjan tí Kabbah àti Sankoh kan náà ṣe ní oṣù Kọkànlá ọdún 1996, ìyẹn sì túká. Kí ló yà wọ́n? Ní Mozambique, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé wá dúró ti ìwé náà. Ní Sierra Leone, ìwé Abidjan ní kí Executive Outcomes, àwọn jagunjagun àgbàṣe láti South Africa tó ń ṣẹ́gun RUF, máa lọ sílé. Wọ́n lọ ní oṣù Kìíní ọdún 1997. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún, ìjọba ti dojú dé. Mo ti fi èyí hàn àwọn ọ̀rẹ́ mi léraléra. Wọ́n á ní àwọn gbọ́, wọ́n á sì padà lọ kọ ohun kan náà.

Ẹgbẹ́ kẹta ló ń gbè sẹ́yìn Ọbásanjọ́. Wọ́n ní owó ti tán, wọ́n ní $1 mílíọ̀nù lójúmọ́ ni ogun náà ń jẹ, wọ́n ní ìjọba alágbádá kò lè máa sin ọmọ aráàlú ní bòókẹ́lẹ́ bí ìjọba ológun ti ṣe. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kó kó àwọn ọmọ wa wálé.

Ẹ̀sùn tèmi kò ju ẹyọ kan lọ. Kí ọ̀rọ̀ Lomé tó wọra rárá ni ìjọba ológun tó ń lọ ti ń kéde pé òun yóò kó sójà kúrò, Ọbásanjọ́ tó ń bọ̀ sì ti sọ bẹ́ẹ̀ nígbà ìpolongo ìbò. Sankoh ní rédíò. Ẹ̀yin ìyá wa ní ọjà Assigamé, bí oníbàárà bá mọ̀ pé ọkọ̀ yín ń lọ sí Cotonou láago mẹ́rin, tí aṣọ ṣì kún ilẹ̀, èló ni yóò dá a? Iye tí Sankoh dá lé àlàáfíà nìyẹn. Kabbah kò ní ọmọ ogun tirẹ̀ tó ṣeé gbára lé. Ẹni tó ní i ti di ẹrù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá ti dun èèyàn nìyí. Àdéhùn Lomé gan-an so lílọ ECOMOG mọ́ dídá ẹgbẹ́ ọmọ ogun tuntun sílẹ̀ ní Sierra Leone. Díẹ̀díẹ̀ ni, bí èyí bá ṣe ń wọlé ni tọ̀hún yóò máa jáde. Ọbásanjọ́ wà lára àwọn tó ṣe ẹlẹ́rìí ìwé náà níbí. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, ó kọ̀wé sí Kofi Annan, akọ̀wé àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, pé òun yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn sójà òun lọ. Ìwé kan so ó, ìwé kejì já a. Bí mo bá béèrè lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìsinsìnyí, wọn kò ka ìwé kìíní, wọn kò ka ìkejì. Ohun tí ẹnì kan sọ nípa wọn lórí Facebook ni wọ́n kà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ojú ewé àdéhùn náà kò pọ̀. Ẹ kà á!

Kírìjì

Alága, mo mọ̀ pé ẹ óò rẹ́rìn-ín, nítorí kò sí ibi tí mo ti ń sọ̀rọ̀ tí n kì í dé Kírìjì. Ẹ fara dà á. Gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́ wa nípa ìdáwọ́-ìjà-dúró ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn bàbá wa ní àárín Igbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé.

Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Ìbàdàn wà lápá kan, Èkìtìparapọ̀ wà lápá kejì, Ògèdèǹgbé Iléṣà sì jẹ́ olórí ogun wọn. Wọ́n tẹ̀dó kọjú síra wọn títí àgọ́ fi di ìlú, tí wọ́n ń bímọ síbẹ̀. Aláàfin Adéyẹmí Kìíní ti ránṣẹ́ sí ìjọba Èkó láti 1881 pé kí wọ́n wá bá wọn là á. Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, kú sójú ogun ní 1885. Kò sẹ́ni tí ogun náà kò sú. Kí ló wá dè wọ́n mọ́bẹ̀? Àdánù ti pọ̀ tó kí oníkálukú lọ sílé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ́kọ́ kọ ẹ̀yìn ni wọn yóò yìnbọn lù lẹ́yìn.

Nígbà tí Gómìnà Moloney ti Èkó máa ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ní 1886, àwọn àlùfáà méjì ló rán, Samuel Johnson àti Charles Phillips. Johnson yìí, tó kọ ìtàn Yorùbá fún wa, Hastings ní Sierra Leone ni wọ́n ti bí i. Ẹ wo bí ayé ṣe rí: Waterloo, ìlú tí kò jìnnà sí Hastings, ni àwọn ọlọ̀tẹ̀ gbà kí ọdún 1998 tó parí, kí wọ́n tó kọlu Freetown. Johnson rìn láti àgọ́ dé àgọ́. Kò bi wọ́n pé ta ló jẹ̀bi. Ohun tó ń wá ni ètò bí àwọn méjèèjì yóò ṣe tú àgọ́ láìsí pé ọ̀kan dá èkejì. Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé ní oṣù Kẹfà. Ní oṣù Kẹsàn-án, àwọn aṣojú ìjọba Èkó wá fúnra wọn, wọ́n dúró títí àgọ́ fi tú tí iná sì jó o.

Níbi tí ètò bá wà, àdéhùn náà dúró. Níbi tí kò sí, ó wó. Wọ́n ní kí Modákẹ́kẹ́ ṣí kúrò níbi tí wọ́n wà, láìsí ẹni tí yóò ṣí wọn. Wọn kò lọ. Ìlọrin kò fara mọ́ ìwé náà, ó ń bá Ọ̀fà jà lọ títí Ọ̀fà fi bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ní 1887, Ìbàdàn sì ní òun kò lè fi Ìkìrun sílẹ̀ fún Ìlọrin. Ọdún méje gbáko la tún fi wà lẹ́nu rẹ̀, títí Gómìnà Carter fi dé ní 1893.  

Abuja, 2000 sí 2001

Ẹ jẹ́ ká padà sí Sierra Leone. Àwọn ọmọ ogun Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ECOMOG kò tíì pé nígbà tí àwọn tó kẹ́yìn nínú ECOMOG lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún ọdún 2000. Lọ́sẹ̀ náà gan-an ni RUF bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọmọ ogun Àjọ náà nígbèkùn, nǹkan bí 500. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó sójà wá. Ọwọ́ tẹ Sankoh. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ iye tirẹ̀ di 17,500, Guinea sì ń lu RUF láti ẹ̀yìn.

Ìgbà yẹn ni wọ́n tún jókòó, ní Abuja, ní ilé Ọbásanjọ́ kan náà, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2000 àti oṣù Karùn-ún ọdún 2001. Lọ́tẹ̀ yìí, sójà ń bọ̀ ni, wọn kò lọ. RUF kò rí ipò igbákejì ààrẹ gbà mọ́, wọn kò sì rí dáyámọ́ńdì. Àwọn jagunjagun tó lé ní 70,000 kó ìbọn sílẹ̀ kí ogun tó parí pátápátá ní oṣù Kìíní ọdún 2002. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó ń di gbogbo ẹ̀bi ru àforíjì kò tíì dá mi lóhùn lórí Abuja.

Ọ̀rọ̀ òfin

Ní kúkúrú. Nígbà tí Francis Okelo ń tọwọ́ bọ̀wé ní Lomé lórúkọ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ó fi ọwọ́ kọ ọ́ síbẹ̀ pé àforíjì náà kò kan ẹ̀ṣẹ̀ ogun àti ẹ̀ṣẹ̀ sí ọmọnìyàn. Gbólóhùn yẹn wà lára ohun tí Ilé Ẹjọ́ Àkànṣe Sierra Leone dúró lé lẹ́yìn náà. Sankoh kú sí àtìmọ́lé ní 2003. Taylor gba ẹ̀wọ̀n ọdún 50 ní 2012.

Congo

Ìṣẹ́jú méjì péré ló kù fún mi, ẹ jẹ́ ká fi wo ogun mìíràn tí wọ́n ń wá àlàáfíà sí. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2025 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà ti fi iṣẹ́ ìlàjà Congo àti Rwanda lé Faure Gnassingbé ti Togo lọ́wọ́. Ìjíròrò àlàáfíà ti Doha tún wà lọ́tọ̀, ti Washington wà lọ́tọ̀. Ẹ má ṣe wo ẹni tó bọ ẹni lọ́wọ́ níbẹ̀. Ẹ wá inú ìwé àdéhùn èyíkéyìí tí wọ́n bá ṣe bóyá wọ́n kọ ọ̀nà tí sójà Rwanda yóò gbà padà, ọjọ́ tí wọn yóò lọ, àti ẹni tí yóò dúró sí ààyè wọn lọ́jọ́ kejì. Bí èyí kò bá sí níbẹ̀, ìdáwọ́-ìjà-dúró nìkan ni wọ́n ní.