Báàjì Awakọ̀: Ẹ̀rí Ìwà Ni, Kì í Ṣe Ọ̀ṣọ́



Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni ó ń fi ọkọ̀ èrò jẹun ní Lọ́ńdọ̀nù. Báàjì tí òfin ní kí ó hàn gbangba lára wọn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Èrò mi ni pé báàjì yìí kì í ṣe àmì owó tí a san lásán. Ẹ̀rí tí ìlú ń jẹ́ nípa ìwà awakọ̀ ni.

Oríṣi iṣẹ́ méjì ni ó wà. Èkíní ni takisí dúdú, tí èrò lè nawọ́ dá dúró lójú pópó. Láti ọdún 1865 ni wọ́n ti ń dán awakọ̀ rẹ̀ wò lórí ìmọ̀ ìgboro: nǹkan bí 25,000 òpópónà tí ó yí Charing Cross ká ní ìwọ̀n máìlì 6. Báàjì aláwọ̀ ewé ni ti ẹni tí ó lè ṣiṣẹ́ káàkiri Lọ́ńdọ̀nù. Aláwọ̀ ìyeyè ni ti ẹni tí àṣẹ rẹ̀ kò kọjá àwọn àdúgbò ẹ̀yìn ìlú.

Èkejì ni mínìkáàbù. Òfin ọdún 1998 ni ó kọ́kọ́ mú un wá sábẹ́ àṣẹ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìwé àṣẹ 3 ni ó pa pọ̀: ti awakọ̀, ti ọkọ̀, àti ti ilé-iṣẹ́ tí ń gba ìpè èrò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí: awakọ̀ mínìkáàbù kò gbọdọ̀ gbé ẹni tí ó kàn nawọ́ sí i lọ́nà. Ó lè rò pé àánú ni òun ṣe lóru òjò. Ṣùgbọ́n ìwé adójútòfò rẹ̀ lè di asán, báàjì sì lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀, kò sí àkọsílẹ̀ tí yóò sọ ẹni tí ó gbé èrò náà.

Láyé àtijọ́, “Ọmọ ta ni ọ́?” ni à ń béèrè kí á tó bá àjèjì rìn. Ní ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ baba ẹni, báàjì ni ó ń dáhùn. Àyẹ̀wò ìlera àti ìwádìí bóyá ẹni náà ti dáràn rí ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá yá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní báàjì, orúkọ ara rẹ̀ ni ó yá a, èrò ni ó sì tàn jẹ.

Àwọn àgbà ní ìwà rere ni ẹ̀ṣọ́ ènìyàn. Báàjì kàn ń sọ fún ẹni tí kò mọ̀ wá pé a ti yẹ ẹ̀ṣọ́ náà wò ni.