Àwo Orin àti Ọjọ́ Rẹ̀

Èrò kan gbilẹ̀ láàrin àwa tí a ń kọ́ nípa orin pé nígbà tí àwo dé, orin já kúrò lọ́wọ́ àkókò; pé orin òkú di ohun tí a lè gbọ́ nígbàkígbà. N kò gba èrò yìí tán.

Ẹ wo àpàlà. Ó bá wéré tan, èyí tí a fi ń jí àwọn Mùsùlùmí sí sáàrì. Orin tó ní àsìkò tirẹ̀ ni. Ní 1948, Haruna Ìṣọ̀lá ṣe àwo kan nípa Orímolúsì Adébóyè ti Ìjẹ̀bú-Igbó. Àwo náà kò tà. Ní 1955, lẹ́yìn tí ọba náà wàjà, ó tún un ṣe, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rà á. Ọba kan náà ni, akọrin kan náà ni. Ikú ló la etí àwọn olùgbọ́.

Ní ilé wa ní Abẹ́òkúta, àwo Àyìnlá Ọmọwúrà pọ̀. Èyí tó kọ nípa owó tuntun, nígbà tí náírà rọ́pò pọ́n-ùn ní 1973, a ń gbọ́ ọ bí a bá ń fọṣọ. Ṣùgbọ́n bàbá mi fi aṣọ wé ọ̀kan pamọ́. Ọjọ́ ìrántí ìyá rẹ̀ nìkan ló ń gbé e sórí ẹ̀rọ. Yóò wẹ̀, yóò jókòó. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Níbi tí akọrin bá ti dákẹ́, tí ìlù nìkan ń fọhùn, bàbá mi a rọra ki ìyá rẹ̀. Èmi rò pé inú àwo ni oríkì náà wà.

Ní ọjọ́ kan, mo dá a gbé sórí ẹ̀rọ. Ìlù dé, n kò gbọ́ oríkì. Bàbá mi ló sáré wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, ọṣẹ lórí: ‘Lèsí ló kú?’ Kò nà mí. Ó kàn jókòó títí àyà rẹ̀ fi balẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá da ọ̀rọ̀ inú àwo náà kọ sínú ìwé, tó ní òun ti kó gbogbo rẹ̀ tán, ó ti fi èyí tó wà lẹ́nu olùgbọ́ sílẹ̀.

Bàbá mi ti lọ. Ní ọjọ́ rẹ̀, inú fóònù ni mo ti ń gbọ́ orin náà, ó sì ń lọ láìdúró. Nígbà tí bàbá mi bá ń yí àwo padà sí ojú kejì ni a máa ń da omi sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Èmi náà ń fi ìka dá a dúró ní ìdajì, kí n tó tún tẹ̀ ẹ́.