Dàtà Ìwádìí Àrùn Iyè Ríra: Ohun Tí Ìdíkàn Fi Kọ́ Wa

Ẹ mọ àrùn iyè ríra, àrùn tó ń mú àgbàlagbà ṣarán. Gbogbo èsì tí a kọ sílẹ̀ nípa ènìyàn kí a lè ṣírò rẹ̀ ni mò ń pè ní dàtà.

Ní 1992 ni Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Indiana bẹ̀rẹ̀ sí í jọ ṣe ìwádìí àrùn yìí láàárín àwọn tó ti pé ẹni ọdún 65 sókè, ní àdúgbò Ìdíkàn n'Ìbàdàn àti láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntókun wà lára àwọn tó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, pẹ̀lú Hugh Hendrie. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 fi hàn pé lọ́dọọdún, ìdá 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún ni àrùn yìí ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú n'Ìbàdàn. Ní Indianapolis, ìdá 3.24 ni.

Ìgbà tí irun mi ṣì dúdú ni mo ti ń bá àwọn tí kò gba èsì yìí fà á. Wọ́n ní àwa Yorùbá ń bo àìsàn àgbà mọ́lẹ̀, pé ẹni tí kò kàwé kò lè dáhùn ìdánwò. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí àwọn olùṣèwádìí lò, CSI-D, àárín àwọn Cree ní Kánádà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, nítorí ẹni tí kò kàwé gan-an ni. Wọn kì í sì í bi àgbà náà nìkan. Wọ́n ń bi ọmọ tàbí ìbátan tó ń tọ́jú rẹ̀: ṣé ó ń ṣìnà? Ṣé ó ṣì ń ṣe ohun tó máa ń ṣe nínú ilé?

Àríwísí tó lágbára jù ni pé a lè ṣi ọjọ́ orí àwọn àgbà kọ, mo sì fẹ́ kí a dúró lé e. Lẹ́yìn ọdún 65, ewu àrùn yìí máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì láàárín ọdún márùn-ún márùn-ún. Bí a bá kọ 82 fún ẹni ọdún 72, àwọn àgbà wa yóò dà bí ẹni tí ara wọn le ju bó ṣe yẹ lọ, irọ́ ni ìfiwéra wa yóò sì jẹ́. Ìdí nìyí tí a fi ń fi ìṣẹ̀lẹ̀ ìlú wá ọdún. Nígbà tí mo ń rin agboolé kiri, ìyá kan ní òun kò mọ ọdún, ṣùgbọ́n òun ti ń ru omi nígbà lùkúlùkú, àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918. Ọmọ tó lè ru omi yóò ti tó bí ọdún mẹ́fà. A béèrè ẹgbẹ́ rẹ̀. A béèrè bóyá ó ti bímọ kí wọ́n tó parí Gbọ̀ngán Mápó ní 1929. Èsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ara wọn mu.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ olùṣèwádìí, ẹ má bínú sí mi. Ẹ máa ń kọ "80" sínú kọ̀ǹpútà, ẹ kì í kọ ìṣẹ̀lẹ̀ tí ẹ fi mọ̀ ọ́n, ẹ kì í kọ ẹni tó sọ ọ́. Báwo ni ẹlòmíràn yóò ṣe yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ogún ọdún?

Ní ti ìṣírò: gbogbo ẹni tí èsì CSI-D rẹ̀ kò dára ni dókítà ń yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni à ń yàn nínú àwọn tó ṣe dáadáa. Bí a bá mú ẹnì kan nínú ogún, kí a kà á sí ogún nígbà ìṣírò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àrùn yóò pọ̀ ju bó ṣe wà lọ. Bí ẹnì kan bá sì kú kí ẹ tó padà bẹ̀ ẹ́ wò, ẹ má pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Nínú àwọn tó kú bẹ́ẹ̀ ni aláìsàn pọ̀ sí.

Wọ́n ti ń fi àmì hàn mí pé àkókò ti lọ. Ohun kan ló kù: nínú dàtà yín, ẹ ya orúkọ ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lára èsì rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí fọ́ọ̀mù tí a fi ń wá ọjọ́ orí, ẹ̀dà wà lọ́wọ́ mi; kí ó wá bá mi lẹ́yìn ìjókòó.