Owó Ìdáwó àti Ìwé Ìròyìn Tí Kò Ní Bàbá Ìsàlẹ̀

 

Nígbà tí míṣọ́nnárì Henry Townsend gbé Ìwé Ìròyìn jáde ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1859, 120 owó ẹyọ ni wọ́n ń ta ẹ̀dà kan. Òǹkàwé ló ń rà á, àmọ́ míṣọ́nnárì ló ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Láti ìgbà náà, ìwé ìròyìn tí owó òǹkàwé nìkan ń bọ́ kò wọ́pọ̀. Bí kì í bá ṣe olóṣèlú ló wà lẹ́yìn rẹ̀, á jẹ́ àwọn tó ń polówó ọjà. Ẹ sì mọ̀ pé ẹnu tó bá ń jẹ dòdò kì í lè sọ òdodo.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2013, Rob Wijnberg, ẹni tó ti ṣe olóòtú ìwé ìròyìn nrc.next, bọ́ sórí tẹlifíṣàn ní orílẹ̀-èdè Netherlands, ó ní òun ń wá 15,000 ènìyàn tí yóò san 60 Yúrò ẹnìkọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ mẹ́jọ péré, wọ́n ti pé. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: 900,000 Yúrò, fún ìwé ìròyìn tí kò tíì ní ojú ewé kan ṣoṣo! De Correspondent ni wọ́n pè é. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn ló bẹ̀rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì gba ìpolówó ọjà kankan.

Àwọn kan máa ń fi irú owó yìí wé èésú. N kò gbà. Ẹni tó ń dá èésú mọ ọjọ́ tí yóò kó o. Owó ìdáwó yìí sún mọ́ owó tí àdúgbò dá láti gbẹ́ kànga, tí ẹni tí kò san kọ́bọ̀ náà á gbé korobá wá. Ọmọ ẹgbẹ́ De Correspondent lè fi àpilẹ̀kọ tó wù ú ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, kí onítọ̀hún kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Guardian ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tilẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu: ẹni tó bá wù ló ń dáwó. Lọ́dún 2018, wọ́n ní ó lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn tó ti dá a láàárín ọdún mẹ́ta. (Òótọ́ ni pé Guardian ní àjọ Scott Trust lẹ́yìn láti 1936, ọwọ́ rẹ̀ kò ṣófo kó tó na án.)

Kí wá ni ẹni tó dáwó rà? Ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Ẹyin sì lohùn.

Ní ìparí ọdún 2018, àwọn tó dá De Correspondent sílẹ̀ tún gba owó ìdáwó fún ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, The Correspondent. New York ni wọ́n ti ń polongo rẹ̀. Ó lé ní 45,000 ènìyàn, láti orílẹ̀-èdè tó ju 130 lọ, tó dá nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.6 dọ́là. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, wọ́n kéde pé Amsterdam ni iṣẹ́ yóò ti máa wáyé, pé àwọn kò ní í ṣí ọ́fíìsì kankan ní New York. Inú bí ọ̀pọ̀ àwọn tó dáwó ní Amẹ́ríkà: ohun tí wọ́n gbọ́ kọ́ nìyẹn! Àwọn olùdásílẹ̀ tọrọ àforíjì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 2019, Kòrónà dé, ìgbà tó sì yá láti tún owó san, ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ kò san án mọ́. Ní ìparí ọdún 2020, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Wọ́n ní Kòrónà ló pa á. Ó dá sí i, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n Kòrónà dé Netherlands náà, De Correspondent, tí àwọn tó dáwó sí i ti mọ Wijnberg kó tó bẹ̀ wọ́n lówó, kò kú.