Ta Ni Onídùúró Ìròyìn Yìí?

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba fún Ọjọ́ Òmìnira Ìròyìn Àgbáyé, Abẹ́òkúta)

Abẹ́òkúta yìí ni Henry Townsend ti tẹ Ìwé Ìròyìn jáde ní ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá ọdún 1859. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ìròyìn lédè Yorùbá, ilé ló wá yìí.

N kò ní pẹ́ lórí oríkì. Búlọ́ọ̀gù ni ojú ewé orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹnì kan tàbí èèyàn díẹ̀ ń kọ nǹkan sí nígbà tó bá wù wọ́n, láìsí olóòtú lókè orí wọn. Akọ̀ròyìn ará ìlú ni ẹni tí kò gbowó oṣù nídìí ìròyìn, tí nǹkan ṣẹlẹ̀ lójú rẹ̀, tó sì sọ ọ́ fáyé gbọ́. Àwọn méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n ẹ ti mọ ìyẹn. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Ìbéèrè tí wọ́n gbé fún mi ni pé ṣé ìròyìn orí búlọ́ọ̀gù àti ti akọ̀ròyìn ará ìlú ṣeé gbára lé. Ìdáhùn mi ni pé ó ṣeé gbára lé bó bá ní onídùúró. Ẹni tó fẹ́ yáwó nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ á mú ẹni tí wọ́n mọ ilé rẹ̀ wá. Bí owó bá wọgbó, ilé onídùúró ni wọ́n ń gbà lọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìròyìn rí. Ta ló kọ ọ́? Bó bá já sí irọ́, ilẹ̀kùn ta ni a óò kàn? Kò kàn mí bóyá orí bébà ló wà tàbí orí fóònù.

Àwọn tí mo ń bá jiyàn

Ó ti pẹ́ tí èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìròyìn ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ra wa lọ́wọ́. Wọ́n ní ẹni tí kò bá kọ́ṣẹ́, tí kò ní káàdì ẹgbẹ́, kì í ṣe oníròyìn. Pé àhesọ lásán ni búlọ́ọ̀gù. Mo máa ń bi wọ́n pé káàdì wo ni Townsend ní? Àlùfáà ìjọ CMS ni. Ìwàásù ló bá wá, ó sì tẹ ìwé ìròyìn tí àwọn Ẹ̀gbá ń rà tí wọ́n ń kà.

Bí wọ́n bá tún takú, mo máa ń rán wọn létí CBS. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹsàn-án 2004, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá yìí gbé ìwé kan síta nípa iṣẹ́ ológun tí George W. Bush, ààrẹ Amẹ́ríkà ìgbà náà, ṣe nígbà èwe, wọ́n ní ìwé ọdún 1970 sókè ni. Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ kejì, àwọn oníbúlọ́ọ̀gù ti ń pariwo pé lẹ́tà inú ìwé náà jọ ti kọ̀ǹpútà òde òní, kò jọ ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ayé ìgbà yẹn. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí CBS fi jáde wá tọrọ àforíjì. Níbẹ̀, ta ni oníròyìn, ta sì ni aláhesọ?

Ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn yẹn má tíì yọ̀. Èmi pẹ̀lú ìhà kejì náà kò rẹ́. Àwọn wọ̀nyẹn ní kí á fi íntánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, pé ojú pọ̀ níbẹ̀, irọ́ kò lè pẹ́ kí wọ́n tó já a. Lóòótọ́ ni ojú pọ̀, àmọ́ ẹ bi wọ́n pé mélòó nínú ojú náà ló ń wá òtítọ́.

Sẹ̀gilọlá àti Amina

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù lórí ọ̀rọ̀ onídùúró yìí wá. Ó ti sú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, ṣùgbọ́n èmi ni alùlù lónìí. Ní 1929, lẹ́tà kan jáde nínú Akede Eko, ìwé ìròyìn ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ tí Isaac Babalọlá Thomas jẹ́ olóòtú rẹ̀ ní Èkó. Obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá ló kọ ọ́. Ó ní ẹwà òun ti ko ọ̀pọ̀ ọkùnrin lójú, pé àìsàn ló wá dá òun dùbúlẹ̀ yìí, òun sì fẹ́ jẹ́wọ́ gbogbo ìgbésí ayé òun kí àwọn ọmọge lè fi kọ́gbọ́n. Lẹ́tà rẹ̀ ń jáde tẹ̀léra wọn títí wọ inú ọdún 1930. Ó ń dárúkọ àdúgbò, ó ń rántí orin tí wọ́n ń kọ nígbà tó wà lọ́mọge, ó ń sunkún, ó ń dúró díẹ̀ kí ìrora lọ sílẹ̀, ó sì tún ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Lẹ́tà àwọn òǹkàwé ń jáde nínú ìwé ìròyìn náà, tí wọ́n ń káàánú rẹ̀ bí ẹni tó wà láyé.

Kò sí Sẹ̀gilọlá kankan. Àwọn onímọ̀ ti gbà pé Thomas fúnra rẹ̀ ló jókòó tó ń kọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n kó lẹ́tà náà jọ di ìwé ní 1930, ọ̀pọ̀ sì gbà pé òun ni ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́. (Ẹ̀yin tó ń pe ìwé Fágúnwà ní àkọ́kọ́, ẹ má bínú sí mi.) Ní 2012 ni onímọ̀ kan, Karin Barber, tún un tẹ̀ jáde pẹ̀lú ìtumọ̀.

Ẹ wá bá mi ká lọ sí Síríà. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2011, nígbà tí ọ̀tẹ̀ ń gbóná ní ilẹ̀ Lárúbáwá, búlọ́ọ̀gù kan yọ láti Dàmásíkù. Amina Arraf ni orúkọ tí ẹni tó ń kọ ọ́ ń jẹ́: ọmọ Síríà tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Amẹ́ríkà, tó ní obìnrin bíi tòun lòun fẹ́ràn, tó sì ń bú ìjọba Assad. Nínú oṣù Kẹrin ó sọ bí agbófinró méjì ṣe wá mú òun lóru, àti bí bàbá òun ṣe dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn tó fi ọ̀rọ̀ lé wọn padà. Ayé ka ìtàn yìí, ara wọn bù máṣọ. Àwọn ìwé ìròyìn ńlá ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà ń fa ọ̀rọ̀ rẹ̀ yọ. Nígbà tó di oṣù Kẹfà, ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní ìbátan rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ọkùnrin tó dira ogun ti gbé Amina lọ. Ariwo ta! Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń ké lórí Facebook pé kí wọ́n tú u sílẹ̀.

Ìgbà yẹn ni obìnrin kan ní Lọ́ńdọ̀nù jáde wá pé àwòrán òun ni wọ́n ń pè ní Amina. Ni àwọn èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí bi ara wọn pé ta ló ti fojú kan ọmọ yìí rí? Kò sí. Andy Carvin ti iléeṣẹ́ rédíò NPR àti àwọn ará ìkànnì Electronic Intifada tọ ipasẹ̀ rẹ̀ títí wọ́n fi dé Edinburgh ní Scotland. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹfà, Tom MacMaster, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà tó ń kàwé níbẹ̀, jẹ́wọ́ pé òun ni Amina.

Ọkùnrin méjì ló ṣẹ̀dá obìnrin tí kò sí yìí, ohun tí wọ́n ṣe sì jọra. Kí ló wá dé tí mo fi ń rẹ́rìn-ín sí ti Thomas, tí ti MacMaster sì ń bí mi nínú? Orúkọ Thomas wà lára ìwé ìròyìn rẹ̀, iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Èkó, ẹni tí inú bá bí lè lọ kanlẹ̀kùn. Ti Amina kò ní ojúlé. Àwọn ìwé ìròyìn ńlá ló dúró fún un láìrí i rí. Káàdì wà lápò wọn o! Àwọn tó jìyà rẹ̀ ni àwọn ọmọ Síríà tó ń fẹ̀mí wewu kọ òtítọ́, tí wọ́n wá ń bi lẹ́yìn náà pé ṣé ẹ̀yin náà kì í ṣe ayédèrú.

Omi iyọ̀

Mo rí i pé àpẹẹrẹ kan ṣoṣo ti gba ìdajì àkókò mi. N óò yára.

Ní oṣù Kẹjọ 2014, lẹ́yìn tí Patrick Sawyer ti gbé Ebola wọ Èkó, àtẹ̀jíṣẹ́ kan gba ìlú kan lóru: kí oníkálukú fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀, kó sì mu nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí lórí fóònù lọ́gànjọ́. Mo bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló sọ ọ́ fún yín?" Ó ní, "Gbogbo ayé ló ń sọ ọ́, ṣáà dìde kóo wẹ̀!" Mo gbọ́ tí omi ń ho lórí iná lẹ́yìn rẹ̀. Nínú oṣù yẹn kan náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó kéré tán èèyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nídìí omi iyọ̀ mímu. Kò sẹ́ni tó mọ ilé ẹni tó kọ àtẹ̀jíṣẹ́ náà lóru yẹn.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá, n óò bá yín wí díẹ̀. Ọmọdé kọ́ ló ń fi irọ́ ránṣẹ́ jù lórí WhatsApp ẹbí. Àwa ni. A ó fi ránṣẹ́ tán, a ó wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé bí a ṣe gbà á nìyẹn.

Lẹ́kì, àti òfin

Ní ogúnjọ́ oṣù Kẹwàá 2020, fóònù àwọn ọ̀dọ́ ló fi hàn wá bí àwọn sójà ṣe yìnbọn níbi ìwọ́de ní Lẹ́kì, Èkó. Iléeṣẹ́ ológun kọ́kọ́ fi òǹtẹ̀ "irọ́ ni" lu ìròyìn náà. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá ológun kan dúró níwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí, ó gbà pé àwọn sójà wà níbẹ̀. Àwọn àwòrán kan tún ń tàn kálẹ̀ lọ́jọ́ wọ̀nyẹn tí kò ti Lẹ́kì wá rárá. Fídíò tí ẹni tó yà á jẹ́ orúkọ rẹ̀ ló ṣòro jù fún àwọn tó ń sẹ́ ìròyìn náà láti gbé jù nù.

Ẹnì kan ti kọ ìbéèrè sí mi pé, ẹni tó ń bẹ̀rù láti jẹ́ orúkọ rẹ̀ ńkọ́? Òótọ́ ni. Wọ́n ti fi abala 24 òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ti 2015 ti oníbúlọ́ọ̀gù mọ́lé, kó tó di pé wọ́n tún un ṣe ní 2024. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù, kó fi orúkọ bò, ṣùgbọ́n kí olóòtú kan tí a mọ ilé rẹ̀ mọ̀ ọ́n lójúkojú.

Alága ti ń wo aago. Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin oníbúlọ́ọ̀gù tó wà níbí ni pé kí ẹ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì yín sójú ewé yín. Bí ẹ bá sì ṣàṣìṣe, ibi tí àṣìṣe wà gan-an ni kí ẹ kọ àtúnṣe sí, ẹ má pa á rẹ́ ní kọ́lọ́fín.