Àwọn Ènìyàn Wa ní Ilẹ̀ Ghana

Ọ̀rọ̀ tí a gbé ka iwájú yín ni ti ìrìnàjò àwọn ènìyàn wa sí ilẹ̀ Ghana, èyí tí a ń pè ní Gold Coast títí di ọdún 1957.

Nígbà tí kòkó àti ojú irin mú owó wọ ilẹ̀ náà, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìnísà, Ìgbẹ́tì, Ẹjìgbò àti Ṣakí bẹ̀rẹ̀ sí wọ́ lọ síbẹ̀. Ẹsẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ lọ fi rìn. Wọ́n dé Accra, Kumasi àti Tamale. Wọ́n ń ru ọjà láti abúlé dé abúlé, wọ́n ń tà á ní wẹ́wẹ́, wọ́n sì ń tà á láwìn. Àwọn onílẹ̀ sọ wọ́n ní Alátà. Wọ́n kọ́lé níbẹ̀, wọ́n bímọ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ náà kò sì fojú kan ìlú bàbá wọn rí.

Ní ọjọ́ 18 oṣù November, ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbé ìlú kúrò láàrin ọ̀sẹ̀ 2. Ọ̀sẹ̀ 2! Ta ni yóò fi ìyẹn gba gbèsè tí ó wà níta? Wọ́n ta ọjà ní ọ̀pọ̀, wọ́n fi ilé sílẹ̀, wọ́n kó ọmọ tí ń sọ èdè Twi wọ ọkọ̀ wá sílé.

Gbogbo wa mọ ìdí tí Mósè fi kìlọ̀ fún Ísírẹ́lì nípa àlejò: wọ́n ti ṣe àtìpó rí ní Íjíbítì. Síbẹ̀, ní oṣù January 1983, kò ju ọdún 13 lọ lẹ́yìn náà, ìjọba tiwa fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ 2 kan náà. Ará Ghana ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀pọ̀ há sí ẹnubodè, nítorí pé a ti ti ọ̀nà níwájú wọn. Ní ti Ghana, iṣẹ́ kò sí, owó kòkó ti wálẹ̀. Ní tiwa, owó epo rọ̀bì ni ó wálẹ̀. Lóòótọ́, àdéhùn ECOWAS tí a fọwọ́ sí ní Dakar ní 1979 kò fún àlejò ju ọjọ́ 90 lọ láìgba ìwé àṣẹ, ìjọba sì dúró lé e. Ṣùgbọ́n orúkọ tí a fi pe àpò tí wọ́n fi kó ẹrù wọn wà lẹ́nu wa títí di òní, a sì ń fi rẹ́rìn-ín.

Nítorí náà a bẹ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan pé kí ó kọ ìtàn àwọn àgbà tí ó ti Ghana padà dé sílẹ̀, kí ó sì kọ ti àwọn ará Ghana tí a lé kúrò láàrin wa mọ́ ọn. Àwọn tí ó jẹ́ ọ̀dọ́ ní 1969 ti di arúgbó.