Irin Tó Tẹ̀ Lábẹ́ Ọkọ̀

  

Iṣẹ́ ọwọ́ ni àkòrí tí ìgbìmọ̀ mú fún ọdún yìí. Nígbà tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀, mo ní, "Èmi oníṣirò owó, kí ni mo mọ̀ nípa iṣẹ́ ọwọ́?" Akọ̀wé wa dá mi lóhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló máa ń sùn sábẹ́ ọkọ̀ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé?" N kò rí èsì fọ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ irin ni mo gbé wá.

Ọkọ̀ tí akọ̀wé ń wí ni Land Rover Series III kan tí wọ́n ṣe ní 1979. Òṣìṣẹ́ ìjọba ní ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ni bàbá mi, Land Rover ni wọ́n sì fi ń káàkiri oko nígbà tí mo wà ní kékeré. Ní Solihull, tí kò jìnnà sí ibi tí a jókòó sí yìí, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní 1948. Ilé iṣẹ́ Leyland ní Ìbàdàn náà sì to irú rẹ̀ pọ̀ nígbà kan. Nígbà tí mo rí ọ̀kan rà níhìn-ín, ó ṣe mí bí ẹni tó rí ẹbí rẹ̀ lójú títì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Alumíníọ́ọ̀mù ló pọ̀ jù lára rẹ̀, nítorí pé irin wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀, èyí tí à ń pè ní ṣaṣí, irin gidi ni. Irin pẹlẹbẹ mẹ́rin ni wọ́n jó pọ̀ létí tó fi dà bí àpótí gígùn tí inú rẹ̀ ṣófo. Irú rẹ̀ méjì ló lọ láti iwájú dé ẹ̀yìn, tí àwọn mìíràn sì dábùú wọn bí àkàbà. Ẹ́ńjìnnì, táyà, ara ọkọ̀ àti àwọn tó jókòó sínú rẹ̀, ṣaṣí yìí ló gbé gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀, nínípọn irin náà kò ju nǹkan bíi mìlímítà 2 lọ.

Báwo ni irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ń gbé ọkọ̀? Ẹ rántí agolo wàrà. Bí ẹ bá gbé agolo òfìfo kalẹ̀ lóòró, tí ọmọdé rọra dúró lé e, yóò gbé e. Ṣùgbọ́n kí ẹnì kan fi ìka tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọnú díẹ̀ báyìí, kíá ni yóò rún. Kò sí ohun tó dín nínú irin agolo náà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kò tọ́ mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ṣaṣí rí.

Ẹni tó ta ọkọ̀ náà fún mi ti kun abẹ́ rẹ̀ ní ọ̀dà dúdú, ó ń dán yinrinyinrin. Mo pe bàbá kan, ọmọ Jàmáíkà, jórinjórin tó ti fẹ̀yìn tì, kí wọ́n wá bá mi wò ó. Wọn kò tilẹ̀ wo ẹ́ńjìnnì. Wọ́n mú òòfà kékeré kan jáde láti inú àpò, wọ́n ń fi í kan ṣaṣí lọ díẹ̀díẹ̀. Òòfà ń lẹ̀ mọ́ ọn, ó ń lẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n dé apá ọ̀tún, lẹ́yìn táyà iwájú, òòfà jábọ́. Wọ́n fi òòlù kàn án. Ibi tí irin wà ń dún gbangan; ibẹ̀ ń dún pó bí igi. Bọ́dífílà ni wọ́n fi dí i, kí wọ́n tó fi ọ̀dà bò ó. Nígbà tí a ha á kúrò, a rí ibi tó tẹ̀ wọnú, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Ẹnì kan ló ti gbé jáàkì sí ibi tí kò yẹ.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún yín. Mo ti ṣèlérí fún àbúrò ìyàwó mi pé ọkọ̀ yìí ni yóò gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló sì kù. Mo ní, "Bàbá, ṣé a ò kúkú lè dí i padà?" Òfin gan-an kò ní mú mi. Láti oṣù Karùn-ún 2018, ọkọ̀ tó bá ti lé ní 40 ọdún, tí wọn kò sì yí i padà lọ́nà tó pọ̀, kò pọn dandan kó lọ ṣe àyẹ̀wò MOT lọ́dọọdún mọ́. Kò sí ẹni tí yóò yọjú sábẹ́ rẹ̀. Bàbá náà wò mí títí, wọ́n ní, "Iṣẹ́ wo lo sọ pé ò ń ṣe?" Mo ní mo máa ń yẹ ìwé owó àwọn ilé iṣẹ́ wò. Wọn kò sọ ohun mìíràn. Ojú tì mí.

Bí ọkọ̀ náà bá ti lọ ṣe MOT ni, kò ní yege. Àwọn tó ń ṣe àyẹ̀wò máa ń wo irin tó bá wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 30 sí ibi tí sípíríǹgì tàbí sítíárì ti so mọ́ ọkọ̀. Bí ó bá ti jẹ tàbí tó ti bàjẹ́ gan-an níbẹ̀, ọkọ̀ já nìyẹn, bọ́dífílà kò sì ṣe é kà sí àtúnṣe. Tiwa sún mọ́ sípíríǹgì jù bẹ́ẹ̀ lọ.

A bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìkíní, a wọn ọkọ̀, nítorí irin tó tẹ̀ lójú kan yàtọ̀ sí ṣaṣí tó ti wọ́ lódindi. A gbé ọkọ̀ dúró sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, a so okùn tó ní irin wíwúwo nídìí sí ibi mẹ́rin tó bára mu lọ́tùn-ún àti lósì, a sàmì sílẹ̀, a wá wọn ìdábùú láti igun dé igun. Ìdábùú méjèèjì dọ́gba. Inú mi dùn, nítorí iṣẹ́ tèmi náà nìyẹn: kí apá kan ṣe déédéé èkejì.

Ìkejì, a tú okùn bátìrì, a sì yọ táńkì epo tó wà lábẹ́ ìjókòó ọ̀tún. Iná jórinjórin àti epo bẹntiróòlù kì í gbé ilé kan náà.

Ìkẹta, bàbá náà jó ọ̀pá irin kékeré kan mọ́ àárín ibi tó tẹ̀, wọ́n ní kí n máa fà á síta. Mo fà á lẹ́ẹ̀kan, ó bọ́ síta díẹ̀. Mo fà á lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀pá náà já, ó sì já ti òun ti ègé ṣaṣí. Irin náà ti jẹ tán láti inú. Wọ́n wá gé ojú fèrèsé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí a ti ṣí i ni ẹrẹ̀ gbígbẹ àti ìpẹtà ń dà sílẹ̀. Ibi tó tẹ̀ yẹn ti di òkè kékeré nínú àpótí náà, ó ń dá omi àti ẹrẹ̀ dúró láti ọjọ́ pípẹ́. Irin ti fẹ́lẹ́ bí ewé, ọ̀dà sì ń dán lóde. Àwọn àgbà ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Irin tó bá tẹ̀ ṣùgbọ́n tó ṣì nípọn, a lè fi òòlù nà án padà láti inú. Èyí tó bá ti jẹ, gígé ni. A gbé ìdúró sábẹ́ ṣaṣí lápá méjèèjì kó má baà tẹ̀ sísàlẹ̀, a gé e títí a fi kan irin tó mọ́. A gé irin tuntun tí nínípọn rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu, a yí igun rẹ̀ po, nítorí igun ṣóńṣó ni irin ti máa ń sán. A fi iná kàn án ní ojú kan, a bọ́ sí òdìkejì, a jẹ́ kó tutù, a tún ìdábùú wọ̀n. Bí ènìyàn bá jó o lọ láìdúró, ooru yóò fa ṣaṣí wọ́. Lẹ́yìn èyí ni a jó o yí ká, tí kò sí àlàfo. A kun ìta rẹ̀ ní ọ̀dà tó ní síńkì, a sì fọ́n oje ìda sínú rẹ̀ kí omi má baà rí i gbé ṣe.

Iṣẹ́ tí mo rò pé ọ̀sán kan ni yóò gbà gbà wá ní Sátidé márùn-ún. Ọkọ̀ mìíràn ló gbé ìyàwó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì bínú sí mi díẹ̀ nílé. Mo gbà.

Kí ló kan àwa tí a pé jọ síbí? Púpọ̀ nínú wa ló ń ra ọkọ̀ tí a ti lò ránṣẹ́ sílé, tí wọ́n ń pè ní tòkunbọ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní kò ní ṣaṣí tó dá dúró bíi ti Land Rover, ṣùgbọ́n wọ́n ní irin bí àpótí lábẹ́, òun ló sì ń gba ìkọlù nígbà ìjàǹbá. Kí ẹ tó sanwó, ẹ mú òòfà àti tọ́ọ̀ṣì dání, kí ẹ dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí ibi tó wú, ibi tó tẹ̀, tàbí ibi tí ọ̀dà rẹ̀ tuntun ju ti ìyókù lọ, ẹ béèrè. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kàn fi iná na irin ọkọ̀ tuntun bí a ṣe rí i. Irú irin líle mìíràn wà tó jẹ́ pé ooru ni yóò ba agbára rẹ̀ jẹ́. Àbúrò yín ni yóò wà á ní títì márosẹ̀. Kò sí bí yóò ṣe mọ ohun tí a kùn bò.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, ọmọ mi obìnrin béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Dádì, nígbà tí kò sí MOT fún un, ta ni yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò?" Mo ní èmi ni. Ó ní, "Ó dára, èmi náà á máa bá yín wò ó." Láti ọjọ́ náà ni òun náà ti ń sùn sábẹ́ ọkọ̀ ní Sátidé.

Ọkọ̀ náà wà níta. Ẹni tó bá fẹ́, kó yọjú wo abẹ́ rẹ̀ kó tó lọ jẹun. A kò fi ohunkóhun bo ojú ibi tí a jó. Ẹ ó rí ìlà rẹ̀.

Kí Olódùmarè ṣọ́ ìrìn wa, níhìn-ín àti nílé. Àṣèyí ṣàmọ́dún o.